Apá Agbádá Tó Dúró Nínú Afẹ́fẹ́

Bàbá mi, onífọ́tò Ẹ̀gbẹ́dá,

Fáànù ni mo fi mọ àṣírí iná fílááṣì. Fáànù onídùúró yẹn, èyí tí ẹ máa ń kọjú rẹ̀ sí àwọn oníbàárà kí pọ́dà ojú wọn má baà yọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo lẹ téèpù funfun tín-ín-rín mọ́ ọ̀kan nínú ọwọ́ fáànù náà, mo tàn án dé òpin, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sì fi fílááṣì yín yà á. Lẹ́yìn náà, mo fi fílááṣì tèmi, èyí tí mo gbé bọ̀ láti òkè òkun, ya fáànù kan náà. Nígbà tí mo gbé àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú kọ̀ǹpútà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo rín in títí Àǹtí Ṣadé, aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, fi yọjú wá wò bóyá orí mi ṣì pé.

Nínú àwòrán tí fílááṣì yín yà, téèpù náà fà gùn, bí ọ̀dà tí ẹnìkan fi ìka nù kó tó gbẹ. Àwọ̀ rẹ̀ rú, ó pọ́n díẹ̀, bí aṣọ funfun tó ti pẹ́ nínú àpótí. Nínú tèmi, téèpù náà dúró gbọnin. Mo rí ibi tí sísọ́ọ̀sì ti gé e ní wọ́gọwọ̀gọ. Ṣùgbọ́n funfun rẹ̀ kì í ṣe funfun gidi. Ó ní búlúù nínú, bí aṣọ tí alágbàfọ̀ ti da búlúù sí lápọ̀jù.

Téèpù kan náà ni o, Bàbá. Fáànù kan náà. Iná nìkan ló yàtọ̀.

Ìgbà náà ni mo rántí ìṣáná yín. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ máa ń ṣá ẹyọ kan láti fi tan kọ́ìlì ẹ̀fọn, ẹ kì í lo láítà láéláé. Èmi a máa wo iná náà láti orí àga àwọn oníbàárà. Yóò kọ́kọ́ bú jáde, funfun báláú, kò sí ẹni tó lè tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà yóò rọlẹ̀, yóò pọ́n, yóò máa pọ́n sí i títí yóò fi kú. Bí iná fílááṣì ṣe rí nìyẹn! Lójú tiwa, ó ṣẹ́ báyìí, ó tán. Irọ́ ni. Ó ní ìgbà tó ń jí, ó ní ìgbà tó gbóná jù, ó sì ní ìrù. Ìrù yẹn gùn, ó sì pọ́n. Fílááṣì tèmi, bí mo bá yí agbára rẹ̀ wálẹ̀, ṣe ló ń gé ìrù iná, bí ẹni tó fẹ́ ìṣáná pa níbi tó ti ń bú jáde. Nítorí náà kì í pẹ́ rárá, ohun tó ń sáré sì ń dúró fún un, ṣùgbọ́n pupa tó wà ní ìrù ti lọ, búlúù ló kù. Tiyín kì í gé ohunkóhun. Bí èèyàn bá yí i wálẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́, bí ìṣáná tí òjò pa: ó ń fà, ó ń pẹ́, ó sì ń pọ́n.

Ìdí tí mo fi rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí fáànù.

Ẹ ti mọ̀ pé mo padà wálé. Àbí ẹ ò mọ̀? N ò mọ bí ìròyìn ṣe ń dé ọ̀dọ̀ yín lọ́run. Mo parí ẹ̀kọ́ mi lọ́hùn-ún, mo di kámẹ́rà àti fílááṣì mi, mo sì wá ṣí ṣọ́ọ̀bù yín. Kọ́kọ́rọ́ yẹn kọ́kọ́ fẹ́ ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Òórùn kọ́ìlì ẹ̀fọn ṣì wà nínú kọ́tìnnì. Mo ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ títí di alẹ́ báyìí, Bàbá, bẹ́ẹ̀ èmi náà ni mo ń kọ lẹ́tà yìí. Àǹtí Ṣadé ló ń bá mi wo àwọn àmì orí rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ tí mo fi ń bù wọ́n sí i dà bí ọwọ́ ẹni tí kò se ọbẹ̀ rí: ibì kan tẹ́, ibì kan ní iyọ̀ jù.

Àbúrò yín, Dádì Bàrúwà, kò fẹ́ kí n ṣí ṣọ́ọ̀bù náà. Wọn kò bínú o. Wọ́n kàn wò mí bí ẹni wo ọmọ tó fẹ́ gun igi lẹ́yìn òjò. Wọ́n ní ta ni kò ní kámẹ́rà nínú fóònù lóde òní, pé ẹnìkan tó ń ta ohun èlò fóònù ní Ìyànà Ìpájà ti ń bẹ àwọn fún ṣọ́ọ̀bù náà tipẹ́. Níkẹyìn, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún mi. Bí mo bá lè ṣe iṣẹ́ kan, ẹyọ kan péré, tí ẹni tó mọ̀ yín yóò fi sọ pé ṣọ́ọ̀bù yín ṣì wà láàyè, àwọn yóò pa ọ̀rọ̀ oníṣòwò fóònù tì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n kó iná mi, kí n wá iṣẹ́ oṣù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àlàájà Ìgandò wọlé.

Ẹ ò lè gbàgbé wọn. Ẹ̀yin lẹ ya ọkọ wọn, Àlàájì tó ti lọ, nínú agbádá funfun. Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri pálọ̀ wọn, lókè àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí mọ́. Àlàájì ń gbé apá agbádá òsì lé èjìká, lọ́nà tí gbogbo Ìgandò fi ń dá wọn mọ̀ látòkèèrè. Ojú wọn mọ́ kedere, iṣẹ́ ọnà àyà agbádá mọ́ kedere, ṣùgbọ́n apá agbádá tó wà lókè rí bí èéfín. Mo wò ó títí nígbà tí mo dé ibẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni?

Àlàájà ní ọmọkùnrin méjì. Àlàájì Mùnírù ni àgbà, Àlàájì Sàlíù ni àbúrò. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ni wọ́n ti ń du ilẹ̀ kan, wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í jókòó pọ̀ sínú yàrá kan. Bí ọ̀kan bá gba iwájú wọlé wá kí ìyá wọn, èkejì a gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ohun tí Àlàájà fẹ́ kò le lẹ́nu. Kí n ya àwọn méjèèjì lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú agbádá funfun, kí oníkálukú máa gbé apá òsì lé èjìká bíi bàbá wọn, kí n wá so wọ́n pọ̀ sínú fọ́tò kan ṣoṣo bí ẹni pé wọ́n jọ dúró ni. Wọ́n fẹ́ gbé e kọ́ sí abẹ́ fọ́tò Àlàájì. Wọ́n ní bí àwọn ò bá lè rí wọn pọ̀ lórí àga, kí àwọn máa rí wọn pọ̀ lára ògiri.

Mo ní kò sí wàhálà. Ọmọ tó ti ilé ìwé dé!

Àlàájì Mùnírù ló kọ́kọ́ wá. Nítorí ìfẹ́ yín, fílááṣì yín ni mo gbé jáde. Ẹ ti lẹ páálítà ojú egbò mọ́ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí agbára rẹ̀. Ìdọ̀tí ni mo pè é, mo ṣí i kúrò. Iná náà ti pọ̀ jù fún ṣọ́ọ̀bù kékeré wa, mo bá yí i wálẹ̀ dáadáa. Àlàájì Mùnírù gbé apá agbádá, mo tẹ kámẹ́rà. Apá agbádá náà lọ pátápátá, ó gbé ọwọ́ wọn dání lọ. Wọ́n wò ó lẹ́yìn kámẹ́rà, wọ́n fara balẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọyẹ́ ti dé. Mo ṣa èyí tí apá agbádá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀ sí èjìká, mo ní ìyẹn náà tó.

Nígbà tí Àlàájì Sàlíù wá, mo ti kọ́gbọ́n. Fílááṣì tèmi ni mo tò kalẹ̀, mo yí i wálẹ̀ gidi gan-an, ìyẹn gé iná kúrú, apá agbádá sì dúró nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni gbẹ́ ẹ láti ara igi. Inú mi dùn débi pé n kò lè fi bọ́tìnnì sílẹ̀. Mo yà á, mo yí i sókè, mo tún yà á, mo yí i wálẹ̀. Mo mú ojú láti inú ọ̀kan, mo mú aṣọ láti inú òmíràn. Mo so àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò pọ̀, mo fi férémù sí i, mo sì gbé e lọ sí Ìgandò fúnra mi. Mo ti wò ó títí ó fi mọ́ ojú mi lára, bí òórùn ilé ẹni ṣe ń mọ́ni lára. Nígbà tí mo ṣí ìwé tí mo fi wé e nínú pálọ̀ yẹn, ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Àlàájì Mùnírù jókòó lórí àga gígùn. Àlàájì Sàlíù dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo inú ilé láti ojú fèrèsé. Nínú fọ́tò, aṣọ Àlàájì Sàlíù funfun báláú, ó tún ní búlúù lórí. Ti Àlàájì Mùnírù rú, ó pọ́n rúsúrúsú. Àlàájì Mùnírù wá bọ́ awò ojú wọn.

“Ọmọ onífọ́tò, ṣé èmi nìkan ni wọn kì í fọ aṣọ fún nílé yìí ni?”

Láti ojú fèrèsé, èmi ni Àlàájì Sàlíù kọjú sí, wọn kò wo ẹ̀gbọ́n wọn. “Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kámẹ́rà kì í parọ́. Ohun tó bá wà nínú èèyàn ló ń jáde sára aṣọ.”

Bàbá mi, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bá ara wọn sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, èmi ni mo sì lọ pọn ọ́n wá. Kíákíá ó ti di ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Àlàájì Mùnírù ní àbúrò àwọn ti fi owó tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí n lè ba àwọn jẹ́ lára ògiri ìyá àwọn. Àlàájì Sàlíù ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ ni yóò máa ronú bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ ṣàlàyé, Yorùbá sá kúrò lẹ́nu mi, gbogbo ohun tó ń bọ̀ lẹ́nu jẹ́ òyìnbó. Àlàájà ló gbé ọwọ́ sókè. Wọn kò pariwo.

“Omi kan náà ni mo fi wẹ̀ yín. Ta ló wá rẹ yín láró méjì?”

Àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ń bá wí, ṣùgbọ́n èmi mọ ẹni tó ni aró. Wọ́n bọ́ ìborùn wọn, wọ́n fi bo fọ́tò náà, wọ́n ní kí n gbé e lọ, kí n padà wá nígbà tó bá di àwọ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé Bàrúwà kí èmi tó dé Ẹ̀gbẹ́dá. Dádì Bàrúwà kò bá mi wí. Ṣe ni wọ́n rán oníṣòwò fóònù wá láti wọn ògiri. Ó ń wọn ibi tí ẹ ta aṣọ ẹ̀yìn olódòdó sí, ó ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìṣó yóò wọ ibẹ̀. Mo ní n kò mọ̀. Mo lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì, mo sunkún, mo nu ojú, mo jáde wá bá a di téèpù ìwọ̀n mú. Ṣé bó ṣe yẹ kí ọmọ yín ṣe nìyẹn?

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo fa àwọ̀ Àlàájì Sàlíù sí apá kan, aṣọ wọn dára, ojú wọn pọ́n bí ẹni tó mu epo. Mo fà á sí apá kejì, ojú wọn dára, aṣọ wọn di búlúù. Ojú wá láti inú iná kan, aṣọ wá láti inú iná mìíràn. Mo ti yí bọ́tìnnì láàárín wọn débi pé fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, kò sí méjì tó jọra. N kò kọ́kọ́ mọ̀ pé bọ́tìnnì ni. Mo rò pé ògiri ni, mo rò pé jẹnẹrétọ̀ ni. Fáànù ló wá sọ òótọ́ fún mi ní Sátidé yẹn.

Ibi tí mo jókòó sí sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí mo ń rẹ́rìn-ín, ni mo ti rí àwọn àmì pupa yín. Ẹ fi ọ̀dà kùn wọ́n sórí sìmẹ́ńtì láti ìdí àga lọ sí ẹnu ọ̀nà. Lójú èmi ọmọdé, súwè ni wọ́n, mo máa ń fi ẹsẹ̀ kan fò lórí wọn títí ẹ ó fi ní kí n rọra. Mo wá rí yín lójú ọkàn mi. Ẹ kì í yí bọ́tìnnì. Ṣe lẹ máa ń gbé iná pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ó gbé e sún mọ́ ẹni tó dúdú, ẹ ó gbé e jìnnà sí ìyàwó tó wọ aṣọ funfun, ẹ ó gbé ẹsẹ̀ iná lé orí àmì kan, ẹ ó fi ọwọ́ nu ìpàkọ́, ẹ ó ní kí oníbàárà má mí. Ohun tí èmi fi bọ́tìnnì ṣe, ẹsẹ̀ lẹ fi ṣe é. Iná tí ẹ kò bá yí, bó ṣe pẹ́ tó lánàá ló máa pẹ́ tó lónìí, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ní yẹ̀. Ìrìn nìkan ló ń mú un le tàbí kó rọ̀.

Ṣé ẹ mọ̀, Bàbá? Ṣé ìdí tí ẹ fi lẹ páálítà mọ́ ọn nìyẹn? Mo bi Dádì Bàrúwà. Wọ́n ní ọgbọ́n kankan kò sí níbẹ̀, pé iná mànàmáná gbé yín lára bọ́tìnnì yẹn nígbà kan, ẹ ju kámẹ́rà nù, láti ọjọ́ náà lẹ ti fi páálítà dè é lẹ́nu. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò tíì gbà wọ́n gbọ́ tán. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè dá mi lóhùn, bẹ́ẹ̀ ẹ kì í dáhùn.

Mo bẹ Àlàájà kí wọ́n tún rán àwọn ọmọ wọn sí mi. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é lẹ́yìn. Wọ́n sọ fún Àlàájì Mùnírù pé àbúrò rẹ̀ ti gbà láti tún wá. Wọ́n sọ fún Àlàájì Sàlíù pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbà. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé èkejì ṣe ìfẹ́ ìyá ju òun lọ.

Fílááṣì tèmi ni mo lò, mo yí i wálẹ̀ síbi tó ti ń gé iná kúrú, mo sì lẹ páálítà mọ́ bọ́tìnnì. Bẹ́ẹ̀ ni, páálítà, bíi tiyín. Iná náà kéré níbẹ̀, nítorí náà mo gbé e sún mọ́ àga, láti orí àmì kan sí òmíràn, títí ó fi tó. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fa kọ́tìnnì kí oòrùn Ẹ̀gbẹ́dá má baà bá wa dá sí i. Mo tàn án sí afẹ́fẹ́ lásán ní ìgbà díẹ̀ kó lè balẹ̀. Kí n tó ya ẹnikẹ́ni, mo ní kó gbé àwo tánganran funfun yín sí abẹ́ àgbọ̀n, kí n lè ní funfun kan tí yóò wà nínú fọ́tò àwọn méjèèjì. Àlàájì Mùnírù gba àwo náà, wọ́n yí i wò, wọ́n béèrè ibi tí ìrẹsì wà. Nígbà tí Àlàájì Sàlíù wá lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n gba àwo náà, wọ́n yí i wò, wọ́n béèrè ibi tí ìrẹsì wà. Ohùn kan náà! Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún wọn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé apá agbádá, mo tẹ kámẹ́rà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Apá agbádá ṣí sókè bí ìwé, ó wú, ó ká díẹ̀ létí, òwú iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ṣeé kà. Ohun tí ojú èèyàn kò lè dì mú láéláé, ó dúró síbẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo so àwọn méjèèjì pọ̀, búlúù ṣì wà lára aṣọ, n kò parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n búlúù kan náà ni, lára àwo, lára ẹ̀gbọ́n, lára àbúrò. Mo fi àwo ṣe òdiwọ̀n, mo yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ sì di funfun pa pọ̀, ojú sì wà bí ojú. Bàbá, àṣìṣe tó bá dọ́gba kò nira láti tún ṣe. Èyí tó ń yí padà ló ń pa onífọ́tò.

Mo tún gbé férémù lọ sí Ìgandò. Ní ọjọ́ yẹn, Àlàájà ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní etí ìró wọn. Àwọn méjèèjì wà ní pálọ̀, ìkíní wà nítòsí fèrèsé, ìkejì wà nítòsí fíríìjì, wọ́n ń wo ilẹ̀. Mo ṣí ìwé kúrò lára fọ́tò. Àlàájà wò ó, wọ́n jókòó sórí àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Wọ́n ń rọra sọ alhamdulilah.

Àlàájì Mùnírù ló sún mọ́ ọn. Aṣọ ni mo rò pé wọ́n fẹ́ wò, mo ti ń múra láti ṣàlàyé. Kì í ṣe aṣọ. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n na ìka sí ọwọ́ àbúrò wọn nínú fọ́tò. Láti abẹ́ apá agbádá tó ṣí sókè, ìka ọmọńdinrín Àlàájì Sàlíù yọ jáde, ó nà tọ́ntọ́n, ó yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn ìka yòókù. Wọ́n wo ọwọ́ tiwọn nínú fọ́tò. Ìka ọmọńdinrín nà tọ́ntọ́n. Kò sí èyí tó mọ̀ pé èkejì ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí apá agbádá kì í dúró kí ẹnikẹ́ni lè rí i. Wọ́n gbé ojú sókè sí fọ́tò bàbá wọn. Èéfín ló wà níbẹ̀.

“Sàlíù,” ni wọ́n wí, wọn kò tíì yíjú padà. “Ta ló kọ́ ọ kí o máa na ìka yẹn?”

Àlàájì Sàlíù wo ìka ọmọńdinrín ọwọ́ wọn.

“Bàbá ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi rò pé èmi nìkan ni wọ́n kọ́.”

Àlàájà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní bàbá wọn kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, pé láti kékeré ni ìka náà ti ṣẹ́ níbi tó ti ń gun àgbálùmọ̀, kò sì lè ká mọ́ títí ó fi kú. Ni àwọn ọkùnrin méjèèjì bá ń wo ìka ara wọn bí ọmọdé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò tíì tán o, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń lọ, Àlàájì Sàlíù ń bá ẹ̀gbọ́n wọn di férémù mú, èkejì ń kan ìṣó, wọ́n ń jiyàn lórí ibi tó tẹ́jú. Ìjà ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni òòlù.

Dádì Bàrúwà wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kejì. Àlàájà ti pè wọ́n. Wọ́n dúró níwájú ẹ̀dà fọ́tò tí mo gbé sójú wíńdò, wọ́n fi ọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n pe oníṣòwò fóònù, wọ́n ní kó wá ibòmíràn wò. Wọ́n jáde. Mo rò pé wọ́n ti lọ. Wọ́n padà wá pẹ̀lú agolo ọ̀dà pupa àti búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n ká ṣòkòtò wọn sókè, wọ́n kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n sì tún àwọn àmì yín kùn, láti ìdí àga títí dé ẹnu ọ̀nà. Mo fẹ́ bá wọn ṣe é. Wọ́n ní kí n má tẹ̀ ẹ́, kò tíì gbẹ.

A ti ṣẹ́gun, Bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù yín wà láàyè. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń béèrè èyí tí aṣọ máa ń fò nínú rẹ̀. Aṣọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Gowon Estate ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yà tán, gbogbo wọn fò sókè, gbogbo wọn jẹ́ àwọ̀ kan. Ayọ̀ mi pọ̀ ju ohun tí Yorùbá mi lè gbé lọ báyìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Lẹ́yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀, Àlàájà àti àwọn ọmọ wọn ń bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, fún fọ́tò tí n kò ní í so pọ̀. Ìyá yóò jókòó láàárín, àwọn ọmọ yóò gbé apá agbádá. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti sọ fún mi pé ìka bàbá àwọn ni àwọn fẹ́ rí, kí apá agbádá dúró gbọnin. Àlàájà wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní fọ́tò tí mo yà dára, kò sí ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wo èéfín tó wà ní èjìká ọkọ wọn nínú fọ́tò tiyín, wọ́n ń gbọ́ ìró aṣọ náà bó ṣe ń balẹ̀. Bí wọ́n bá wo ti àwọn ọmọ, aṣọ náà dákẹ́, bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Wọ́n ní kí n bá àwọn fi èéfín díẹ̀ sí i.

Iná yín lè ṣe èéfín náà, bí mo bá fi páálítà padà síbi tí ẹ fi í sí, tí mo gbé e lọ sórí àmì tó jìnnà jù. Iná tèmi lè ṣe ìka. N kò lè da méjèèjì pọ̀, àwọ̀ wọn yóò tún yà, a ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ aró. Ìyá fẹ́ gbọ́ ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ fẹ́ rí bàbá wọn, ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo sì ní lórí kámẹ́rà.

Ẹ̀yin tí ẹ ya Àlàájì lójú ayé wọn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí wọ́n tó jókòó, iná ta ni kí n tàn?

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń tẹ ibi tí ẹ tẹ̀.